Kì í ṣe èéfín o: omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù, àti ohun tí wọ́n ń dà sí i

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá fóònù mi ò sinmi. Ẹnì kan gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó ní èéfín funfun tó ń jáde lórí ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn àdúgbò wa n'Íléṣà níbí, májèlé ni, pé wọ́n ń da kẹ́míkà sínú omi wọ́n dẹ̀ ń sun ún sójú ọ̀run, ká yáa ti wíńdò wa, ká má sá aṣọ síta mọ́. Kílẹ̀ tó ṣú gbogbo Òkèṣà ti gbọ́. Ìyá Tóbi tá a jọ ń gbé kọ́ńpáùǹdù wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Ẹnjiníà, ṣebí irú iṣẹ́ yẹn lẹ ń ṣe, ṣé ká máa kó ẹrù wa ni?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ nígbà tó yá mo rò ó pé ẹ̀bi wọn kọ́. Àwa tá a rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lágbègbè wa níbí, ẹ ò lè ní kẹ́rù omi má bà wá. Òótọ́ kan dẹ̀ wà nínú ohùn yẹn: lóòótọ́ ni wọ́n ń da kẹ́míkà sínú omi. Ìyókù ni wọ́n gbé gba ẹ̀yìn. Nǹkan funfun tẹ́ ẹ̀ ń wò lókè kọ́ lọ̀rọ̀ wà, omi tó kù sílẹ̀ ni.

Kí lẹ̀rọ fẹ́ fomi ṣe ná?

Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríjì yín, ooru tó kúrò lára omi àtẹran tẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn. Fíríjì ilé, atẹ́gùn lásán ti tó o. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe yìnyín, èyí tó ń pọn ọtí, èyí tó ń yọ́ ike, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó tóbi bí ilé, atẹ́gùn nìkan ò ká ooru wọn, omi ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fi páìpù darí omi gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń gbóná, omi á gba ooru yẹn mọ́ra, á jáde ní gbígbóná. Ó wá ku ohun tá a fẹ́ fi omi gbígbóná yìí ṣe. Tẹ́ ẹ bá dà á nù ẹ máa wá òmíràn, ta ló dẹ̀ fẹ́ máa wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà omi ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nílùú tá a ti ń dúró de ọlọ́kọ̀ táńkà. Torí náà wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á tún rán an padà síbi iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń mú un tutù yẹn ni wọ́n ń pè ní kúlíǹ táwà.

Kò sí awo nínú ẹ̀. Ilé gogoro kan ni, fáànù ńlá wà lórí ẹ̀, omi gbígbóná á máa rọ̀ bí òjò láti òkè, atẹ́gùn á máa gba àárín òjò yẹn lọ sókè, omi díẹ̀ á di oru á bá atẹ́gùn lọ, èyí tó pọ̀ jù á tutù, á bọ́ sínú ọpọ́n ńlá nísàlẹ̀.

Bàbá onílé wa ṣì ní àmù kan ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ara ẹ̀, ó máa ń tutù, ó dẹ̀ máa ń rin. Ẹnikẹ́ni ò gbé yìnyín sí i. Omi tó ń là á já díẹ̀díẹ̀ ló ń gbẹ lára ẹ̀, bó ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru omi inú ẹ̀ lọ. Òógùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára wa. Lítà omi kan tó bá gbẹ lọ báyẹn, ooru tó ń kó lọ ju ìlọ́po méje èyí tẹ́ ẹ máa fi sè é láti tútù títí á fi hó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú 100 lítà tó gba inú táwà kọjá, bíi lítà kan péré ló máa gbẹ, ìyókù á dẹ̀ fi nǹkan bíi 6°C tutù sí i. Lásìkò ọyẹ́ omi àmù máa ń dùn ún mu ju ìgbà òjò lọ, àbí? Atẹ́gùn ọyẹ́ gbẹ, ó ń wá omi kiri. Táwà náà fẹ́ràn ọyẹ́ gan-an.

Èéfín funfun yẹn ńkọ́?

Oru omi ni. Kò síná níbẹ̀ tó máa ṣèéfín. Ẹ ti jí láàárọ̀ ọyẹ́ rí tẹ́ ẹ la ẹnu tí nǹkan funfun ń jáde, ṣé ẹ̀ ń jóná nínú ni? Oru tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàdé atẹ́gùn tútù, ó di ẹ̀kán omi kéékèèké tójú lè rí. Ẹ fẹ̀sọ̀ wò ó, láàárọ̀ kùtù ló máa ń pọ̀, tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ lè má rí i rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ò dúró. Èéfín jẹnẹrétọ̀ á rìn jìnnà, á fi dúdú sára ògiri. Èyí ò ní pẹ́ tó máa pòórá.

Èyí tí mo lè gbà fún ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ ni pé ẹ̀kán omi gidi, kì í ṣe oru, tún máa ń fò jáde díẹ̀ nínú táwà. Nǹkan tó bá wà nínú omi ọpọ́n ló máa wà nínú ẹ̀kán yẹn. Wọ́n máa ń to ike wíwọ́ sókè ẹ̀ láti gbá a dúró, èyí tó dára lára wọn ì í jẹ́ kó ju ín-ń-tín lọ. Ẹ jẹ́ n padà sórí ìyẹn.

Tómi bá lọ, kí ló ń kù?

Ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìyá Tóbi tètè yé e torí oúnjẹ ló ń tà. Mo ní, ẹ se ọbẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ ṣe déédéé, ẹ wá gbàgbé ẹ̀ sórí iná títí omi ẹ̀ fi gbẹ dé ìdajì. Ẹ tọ́ ọ wò. Ó ní, "Iyọ̀ á ti jà." Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi iyọ̀ kún un, omi ló lọ, iyọ̀ ò lọ. Ẹ bu omi sí i kó lè padà kún, omi tẹ́ ẹ bù yẹn náà dẹ̀ níyọ̀ tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún gbẹ, ẹ tún bù sí i, ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru fóṣù kan. Omi inú táwà nìyẹn.

Torí kò sómi tó wà lófìfo. Ti bọ́hóòlù o, ti kànga o, ti dámù Ọpa tó wà nínú ọgbà OAU n'Ífẹ̀ o, gbogbo wọn ló ti gba ara òkúta àti ilẹ̀ kọjá tí wọ́n ti kó nǹkan dání. Oru ò mú ìkankan nínú ẹrù yẹn lọ sókè. Gbogbo ẹ̀ ló ń jókòó sínú ọpọ́n, ó ń pọ̀ sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ò tiẹ̀ la kẹ́míkà lọ: wọ́n á máa tú díẹ̀ dà nù nínú omi tó ti níyọ̀ jù, wọ́n á fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Bulodáùn là ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí. Ká ní 1,000 lítà ló ń gbẹ lọ ní wákàtí kan. Tí wọn ò bá fẹ́ kẹ́rù inú omi ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tú 1,000 lítà míì dà nù, ìyẹn ni pé 2,000 ni wọ́n máa bù wọlé. Tí wọ́n bá gbà kó di ìlọ́po márùn-ún, 250 péré ni wọ́n máa tú dà. Ìlọ́po mẹ́wàá, bíi 111. Èrè tó wà nínú àtìgbà tó di márùn-ún sí mẹ́wàá ò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan, wàhálà ẹ̀ dẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń dúró sáàárín mẹ́ta sí méje. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó, mítà kan wà tí wọ́n ń tì bọ omi, ó ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń rọrùn gbabẹ̀ kọjá tó, torí bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó níná ń ráyè gbabẹ̀ tó.

Kí ni nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù?

Ẹfun ni èmi ń pè é, torí bó ṣe jọ nìyẹn. Kálísíọ̀mù inú omi ló máa ń di ẹfun yẹn, òun náà lẹ máa ń rí nísàlẹ̀ kẹ́tùlù tó bá ti pẹ́. Ìwà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ṣúgà. Ṣúgà máa ń yọ́ dáadáa nínú omi gbígbóná, ẹfun ńkọ́, bómi bá ṣe ń gbóná tó ló ń jáde nínú omi tó. Ẹ wá rò ó, ibi tó gbóná jù nínú gbogbo ẹ̀rọ yẹn gan-an la fẹ́ kómi ti gba ooru, ibẹ̀ náà ló dẹ̀ máa jókòó sí. Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló dáadáa, oníṣòwò aṣọ tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, kò ní dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀. Ẹfun náà ń lóṣòó sára páìpù báyẹn, tiẹ̀ tún burú, ẹ sanwó tán kò dìde.

Lọ́dún tó kọjá a tú kọ̀ńdẹ́nsà kan, ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbé ooru ẹ̀ fún omi, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀rọ yẹn ń jẹ díísù bí ẹni tó gbààwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Páìpù inú ẹ̀, ihò ẹ̀ yẹ kó gba àtàǹpàkò mi. Mo ti bírò bọ̀ ọ́, bírò ló há. Ẹfun ti yí i po nínú látòkè délẹ̀, ó le bí àwo. Ẹni tí wọ́n ní kó máa mójú tó omi ti dá kẹ́míkà dúró fóṣù mẹ́fà kówó lè ṣẹ́kù, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì la fi ń fi irin ha á.

Mo mú èépá ẹ̀ kan wálé nínú bébà. Nígbà tí Ìyá Tóbi ò gbà mí gbọ́, mo gbé e sínú ṣíbí, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ló bá ń hó ṣùù. Ìyá Tóbi sún sẹ́yìn, Tóbi dẹ̀ ń sún mọ́ ọn. Ọmọ yẹn ní kí n tún un ṣe. Nǹkan kíkan ló ń jẹ ẹfun, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́ náà nìyẹn, ásíìdì tó lágbára ju ọsàn lọ ni wọ́n ń lò.

Àmọ́ ó sàn kó má jókòó rárá. Àwọn kan máa ń yọ kálísíọ̀mù kúrò kómi tó wọlé, wọ́n á jẹ́ kó gba inú ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ oúnjẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn míì máa ń kán kẹ́míkà kan sí i tó ń jẹ́ phosphonate, díẹ̀ báyìí ni, ìwọ̀nba gíráàmù nínú 1,000 lítà. Kì í yọ ẹfun kúrò nínú omi o. Ó kàn ń tú wọn ká ni, kí wọ́n má ráyè so pọ̀, kí wọ́n máa rìn kiri títí bulodáùn á fi kó wọn jáde. Ẹ ti da omi sílẹ̀ níbi tí òṣómàáló fẹ́ lóṣòó sí.

Ìpẹtà ńkọ́, ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?

Ó wà, ó dẹ̀ ń bá ti ẹfun jà. Omi tó ń rọ̀ bí òjò nínú atẹ́gùn, ó ti gbé atẹ́gùn mì yó, bírin bá dẹ̀ ti rí omi àtatẹ́gùn pọ̀, á dógùn-ún. Tómi bá tún wá kan, á jẹrin kíákíá. Bí wọ́n ṣe ń wọn kíkan omi ni wọ́n ń pè ní pH: 7 ni àárín, ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, omi eérú wà lókè. Omi tó bá wà nísàlẹ̀ ń jẹ ẹfun, ó tún ń jẹrin. Èyí tó bá wà lókè dáàbò bo irin, ó wá ń bí ẹfun. Ẹ ò lè bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì tán, àárín ni wọ́n ń wá, wọ́n á wá fi nǹkan bíi fọ́sífétì tàbí síǹkì kún un, tó máa fẹ́lẹ́ bo ojú irin bí ìgbà téèyàn fòróró pa àdá. Tó bá jẹ́ páìpù bàbà, ó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ọ̀rọ̀ yín rèé. Rádíétọ̀ mọ́tò náà ń fi omi mú ẹ́ńjìnnì tutù, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé omi tiẹ̀ ì í gbẹ lọ, ó kàn ń yípo nínú ibi tí wọ́n pa dé, torí náà ìpẹtà ni ọ̀tá ẹ̀ jù. Kúláǹtì tẹ́ ẹ̀ ń rà yẹn, kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀ lẹ ń sanwó fún, ohun tí ò jẹ́ kírin dógùn-ún ló wà nínú ẹ̀. Èmi tí mo ń kọ eléyìí, mo ti bu omi odò sí i rí láàárín Ifẹ̀ síléṣà, mo ní jẹ́ kó kàn gbé mi délé. Nígbà tí mẹkáníìkì máa tú u, pupa rúsúrúsú ló ń jáde bí ọbẹ̀. 

Èwo ló lè ṣe wá ní jàǹbá nínú gbogbo ẹ̀?

Kòkòrò. Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, eruku tí fáànù ń fà wọlé, oòrùn tó ń tàn sí i. Láìpẹ́ nǹkan aláwọ̀ ewé á bo ọpọ́n, gbogbo ara ògiri ẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá. Yíyọ̀ yẹn tó bá fẹ́lẹ́ wọnú páìpù, ó ń dínà ooru ju ẹfun tí wọ́n jọ nípọn dọ́gba lọ. Ìyẹn ṣì kéré. Abẹ́ ẹ̀ ni àwọn bákitéríà ń sá pa mọ́ sí, ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Legionella.

Lóṣù keje ọdún 1976, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia. Àìsàn tó jọ òtútù àyà bá wọn wọlé, àwọn tó ṣàìsàn ju 200 lọ, 34 kú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Oṣù kìíní 1977 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Joseph McDade, tó rí bákitéríà náà, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ológun yẹn, American Legion, ni wọ́n fi pè é. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fojú sí táwà. Lọ́dún 2015 ó tún ṣẹlẹ̀ ní South Bronx ní New York, èèyàn 138 kó o, 16 kú, táwà orí hòtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n tọpa ẹ̀ dé. Inú omi tó wà láàárín 20 sí 45°C ló ti ń gbèrú, ẹ̀kán omi tó fò jáde nínú táwà téèyàn bá fà símú ló ń gbé e wọ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kán tí mo ní mò ń padà bọ̀ wá bá nìyẹn. Kì í ràn látọ̀dọ̀ èèyàn séèyàn.

Ẹ ti wá rí i pé ohùn WhatsApp yẹn gbé e kodò. Táwà tí wọn ò da kẹ́míkà sí ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún.

Kúlórínì ló wọ́pọ̀ jù tí wọ́n fi ń pa wọ́n, irú èyí tẹ́ ẹ̀ ń fi fọ aṣọ funfun náà ni. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ o. Tí pH omi bá wà ní 7.5, bí ìdajì kúlórínì ló ń jà gan-an. Tó bá fi dé 8.5, ó ku bí ìdámẹ́wàá, ìyókù kàn wà níbẹ̀ ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń da jálá lé jálá tí ọpọ́n ṣì ń yọ̀. Wọ́n tún máa ń lo oríṣi apakòkòrò míì pẹ̀lú ẹ̀, tó lè wọ abẹ́ yíyọ̀ yẹn.

Kẹ́míkà yẹn fúnra ẹ̀, ṣé kò léwu?

Ó léwu, kékeré dẹ̀ kọ́. Láyé àtijọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kùrómíọ̀mù ni wọ́n fi ń dènà ìpẹtà, ó ṣiṣẹ́ gan-an, àwọ̀ ẹ̀ yẹ́lò. Ní Hinkley ní California, ilé iṣẹ́ Pacific Gas and Electric da omi táwà tó ní in nínú sínú kòtò tí wọn ò fi nǹkan tẹ́ nísàlẹ̀, láàárín 1952 sí 1966, ó wọ inú omi kànga àwọn ará ibẹ̀. Lọ́dún 1996 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 333 mílíọ̀nù dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè é nínú táwà amúlétutù ilé látọdún 1990. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe omi mímu.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi ilé iṣẹ́ kan ní nǹkan, ẹ fi ojú ọ̀run sílẹ̀, ẹ bi wọ́n níbo ni omi bulodáùn yín ń ṣàn lọ, ṣé ẹ ti pa kúlórínì inú ẹ̀ kó tó jáde, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ló ni òfin omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́.

Mo ti sọ ọ́ tán, Ìyá Tóbi ò dìde. Ó ní omi kan wà tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó mọ́ lójú, tó ń gba gọ́tà ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ yẹn jáde láàárọ̀. Òun ti ń bu bákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta níbẹ̀ láti fi bomi rin ewédú òun. Mo bi í báwo lewédú yẹn ṣe rí. Ó ní etí ẹ̀ ń gbẹ, òun rò pé oòrùn ni. Mo ní, "Ẹ rántí ọbẹ̀ tómi ẹ̀ gbẹ." Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá pariwo pe Tóbi, pé kó gbé bákẹ́ẹ̀tì, kó lọ fa omi ní kànga.